Kírísítà Àná

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀: mo kórìíra kí wọ́n máa da kírísítà mi nù. Èmi ni mo ń pò ó, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, èmi ni mo ń jókòó tì í bí ìyá ìkókó títí tí yóò fi dì, tí yóò mọ́ gaara, tí kò ní í sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Òkúta dídán kékeré ni, kò tóbi ju hóró ìrẹsì méjì tí a tò pọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, àwọn wóró pẹrofisikáìtì, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sì ń tú u jáde, pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n, wọ́n sì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ọ̀kan nínú wọn. Kí n wá ṣe gbogbo wàhálà yìí tán, kí ẹnì kan fi ẹ̀mú kékeré mú un lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, kó sọ ọ́ sínú abọ́ ìdalẹ̀nù? Ṣìọ̀!

Ṣùgbọ́n ìyá mi ló ṣòfin náà, ìyá mi sì ni ọ̀gá wa. Nínú yàrá ìwádìí wọn, wọn kì í lo kírísítà àná. Ojoojúmọ́, tuntun. Wọ́n ní èyí tí iná ti tàn sí lánàá ti rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ àbájáde tó mọ́, ohun tó mọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Mo jà, mo fajú ro, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Bí wọ́n ṣe rí nílé náà nìyẹn. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ́ bá ọbẹ̀ àná nínú ìkòkò wọn.

Ẹ ó ti fẹ́ bi mí pé kí la wá ń fi kírísítà ọ̀hún ṣe. Ìmọ́lẹ̀ là ń tàn sí i kó lè tutù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa rín in lọ, àwọn kan ti rín in ṣáájú yín. Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, máa ń sọ pé láti ọjọ́ tí àwọn ti ń lo áyọ́ọ̀nù, àwọn ò tíì rí iná tó mú aṣọ tutù. Níbi iṣẹ́ wa, Màmá Òtútù ni wọ́n ń pe ìyá mi lẹ́yìn, wọn kì í sì í fi pọ́n wọn lé. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ẹrù. Bí o bá tan ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ dín díẹ̀ sí àwọn wóró yẹn, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n kò ní í tó wọn tàn. Wọ́n á wá bu ìyókù láti ara ooru tó wà nínú kírísítà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi kún un, wọ́n á sì ju ìmọ́lẹ̀ tó lágbára ju èyí tó wọlé lọ síta. Bí ooru bá ń bá ìmọ́lẹ̀ jáde báyẹn, kí ni yóò kù nínú rẹ̀ bí kò ṣe òtútù? Kò sí ẹ̀rọ tó ń pariwo, kò sí gáàsì, kò sí ohunkóhun tó ń gbọ̀n. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó ríran dáadáa, bí nǹkan bá sì gbọ̀n díẹ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwòrán bà jẹ́ nìyẹn. Ohun tí ìyá mi ń wá nìyẹn láti ìgbà tí mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tíì rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìfẹ̀yìntì wọn ti dé tán. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: bí kírísítà bá tutù lójú àwọn, yàrá wa yóò máa báṣẹ́ lọ lẹ́yìn ìyá mi, bí kò bá tutù, wọn á pa iṣẹ́ náà tì, wọn á sì kó yàrá fún àwọn tó ń ṣe bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Olórí àwọn oníbátìrì yìí ti ń gbé téèpù wọlé wa, ó ń wọn ògiri kiri. Lójú mi kòrókòró! Èmi ni mo sọ ọ́ ní Téèpù.

"Ẹ má bínú o," ó ní, "mo kàn fẹ́ mọ ibi tí tábìlì mi máa lè wọ̀ ni."

Mo ní kó wọn ẹnu ọ̀nà dáadáa, torí ibẹ̀ ló máa gbà jáde.

Ẹnì kẹta wa ni Jẹ́jẹ́. Òun ló ń tọ́jú iná lésà tí à ń tàn sí kírísítà, òun náà ló ń wọn ìgbóná. Ẹgbẹ́ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi ṣáájú mi. Kì í sáré, kì í pariwo. Òun ló sọ mí ní Ata, èmi náà sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, ó di orúkọ. Kò sẹ́ni tó lè fi tẹmómítà kan kírísítà tó kéré tó yẹn kó má ba òtútù rẹ̀ jẹ́, nítorí náà àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ni Jẹ́jẹ́ ń kà. Àwọ̀ ewé ni. Bí kírísítà bá tutù, àwọ̀ yẹn á sún díẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ojú ò lè rí i, ẹ̀rọ ló ń rí i. Ó wá di ọjọ́ kan, àwọ̀ náà sún. Ó sún gan-an ni. Jẹ́jẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó yíjú sí wa, ó rọra sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀:

"Màmá, ogún dígírì ó lé."

Yéè! Ìyá mi dì mọ́ Jẹ́jẹ́, wọ́n dì mọ́ mi, nígbà tí kò sẹ́lòmíì nílẹ̀ mọ́, wọ́n dì mọ́ àga. A fi kírísítà tuntun ṣe é lọ́jọ́ kejì, àwọ̀ tún sún. A tún fi òmíràn ṣe é, ó tún sún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi ti fi tó Alága ìgbìmọ̀ létí. Gbogbo ilé iṣẹ́ gbọ́. Àwọn tó ń yínmú sí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn kú oríire. Téèpù nìkan ni kò kí wa, ó ní òun ń dúró de ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa fojú ara wọn rí i.

Kí ló wá gbé mi dé ìdí abọ́ ìdalẹ̀nù? Ahun ni, kí n má purọ́ fún yín. Mo wò ó pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀, pé kírísítà tuntun tó wà nílẹ̀ ò pọ̀, èyí tí a lò lánàá sì wà nínú abọ́, ó ń dán gbinrin. Ìyá mi ti lọ sílé. Mo ṣà á, mo gbé e síbi tí à ń gbé e sí, mo ní kí Jẹ́jẹ́ kàn tan iná fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, iná tí kò lè mú un gbóná, tí kò sì lè mú un tutù, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì dára.

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ata, ibo lo gbé e sí láti àná? Inú fíríìjì ni?"

"Fíríìjì wo? Orí tábìlì níbí ló wà."

"Àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbi tó sún lọ lánàá. Tí mo bá ní kí n kà á bí mo ṣe ń kà á, a jẹ́ pé ó ṣì fi ogún dígírì tutù ju inú yàrá yìí lọ."

Mo fi ìka kàn án. Tútù bí i ti ibo? Bí tábìlì ṣe wà lòun náà wà. Ẹ gbọ́ o, ohun tó bá tutù, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú yàrá, á padà sí bí yàrá ṣe wà. Ìyẹn ò gba ìwé kíkà. Bó bá jẹ́ òtútù ló sún àwọ̀ náà, ó yẹ kí àwọ̀ padà sáyè rẹ̀ nígbà tí òtútù ti lọ. Èyí ò padà. A jẹ́ pé òtútù kọ́. Iná lésà wa tó le ló ti ṣe àwọn wóró yẹn léṣe, tó sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Àpá là ń wò, òtútù là ń pè é. À bá sì má mọ̀ láéláé, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń da èyí tí ì bá sọ fún wa nù.

A yẹ gbogbo èyí tó kù nínú abọ́ wò. Bákan náà ni gbogbo wọn. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àpótí.

"Èmi ni mo kà á," ó ní. "Èmi ni mo sọ pé ogún."

"Èmi náà wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ jó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ba nǹkan òun jẹ́, ó sì yíjú sí ògiri. Mo bọ́ kóòtù funfun mi sílẹ̀, mo forí lé ilé àwọn òbí mi.

Bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní pálọ̀, wọ́n ń rán aṣọ tuntun tí ìyá mi máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbìmọ̀. Mo kí wọn, mo kọjá sí ilé ìdáná. Ìyá mi ń fọ àwo, wọ́n ń kọrin sábẹ́ ètè. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ po, n kò sì kọ́ ọ rí.

"Màmá, kírísítà wa ò tutù. Kò tutù rí."

Orin dúró. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń fọ àwo lọ, wọn ò wojú mi, àfi ìgbà tí mo dé ibi abọ́ ìdalẹ̀nù.

"Mo ní kẹ́ ẹ má lo kírísítà àná."

"Torí pé a ò lò ó náà la ṣe ń tan ara wa jẹ."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Ma. Ẹ bá mi jà tó bá yá. Ẹ pe Alága ná, kẹ́ ẹ sọ fún wọn."

"Kí n pe Alága! Kí n sọ pé kí ni? Pé mi ò mọ òtútù yàtọ̀ sí àpá? Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ ayé mi nínú yàrá yẹn? Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́?" Wọ́n tún mú àwo mìíràn. "Ìmọ́lẹ̀ ń mú nǹkan tutù. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò tíì rí i. Èyí tí ẹ fẹ́ gbé síwájú wọn, irọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti lọ tán, ẹlòmíì máa rí i, orúkọ yín ni wọ́n sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Àwo bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò fọ́, ike ni, ó kàn ń yí lórí ilẹ̀ gbirigbiri títí tó fi dé ẹsẹ̀ bàbá mi, tí wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ń mú nǹkan tutù," wọ́n ní, "ilé ìdáná wa ti ń jóná o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wo ojú ìyá mi, wọ́n wo tèmi, wọ́n wá sọ fún ìyá mi wẹ́rẹ́ pé, "Ọmọ yìí jọ ẹ́ jù. Ká ní ìwọ mọ irọ́ pa ni, òun náà ì bá mọ̀ ọ́n pa."

Ìyá mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ń pè mí ní Ata lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá mi ni, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn sì ń ta èmi gan-an lára.

Ìgbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ti débẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ti to gbogbo kírísítà inú abọ́ sórí aṣọ dúdú, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Jẹ́jẹ́ dúró tì wọ́n, kò kí mi.

"Àpá ni," ìyá mi ní. Wọ́n wá wò mí. "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ìyá bí mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní mi ò tíì jẹun, wọ́n gbé oúnjẹ jáde nínú báàgì wọn, mo jẹ ẹ́ tán porongodo, ìjà sì parí.

Wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n fi gbogbo òru rò. Iná wa ló pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ọwọ́ wọn máa ń yá sí náà nìyẹn: o fẹ́ òtútù púpọ̀, o fi kún iná. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀, ìmọ́lẹ̀ méjì á ya wọ inú wóró kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa ti ara wọn, dípò kí wọ́n jáde wọ́n á di ooru síbẹ̀. Ooru yẹn náà ló ń dá àpá sí wọn lára. Nítorí náà, a ó dín iná kù títí yóò fi kù díẹ̀ kó kú. Òtútù tó máa ti ibẹ̀ wá ò ní í pọ̀. Lẹ́yìn náà a ó paná, a ó jẹ́ kí kírísítà sinmi, a ó sì wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ padà. Bó bá sún tó sì padà, òtútù ni. Bó bá sún tí kò padà, a tún ti dá àpá sí i nìyẹn.

"Ṣùgbọ́n iná kékeré ò ní í mú ìdọ̀tí mọ́ra o," ìyá mi ní. "Wóró tó bá gba ìmọ́lẹ̀ tí kò tú u sílẹ̀, ooru ló máa fi dá wa lóhùn. Mo fẹ́ èyí tó mọ́ ju gbogbo èyí tí o ti ṣe rí lọ."

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi," mo ní.

Mo sì ṣe é. Ẹni tó bá ní mò ń fọ́nnu, kó wá ṣe tirẹ̀. Mo fọ gíláàsì mi, mo tún un fọ̀, mo fi omi tó mọ́ ṣàn án títí ọwọ́ mi fi hunjọ. Mo po oògùn rẹ̀ pọ̀ bó ṣe yẹ, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, mi ò kán an lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá sá eré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, mo lé e jáde. Téèpù wá béèrè bóyá a lè yá òun ní àga kan, n kò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀ gan-an ló tó dì tán. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo wò ó, n kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ìmọ́lẹ̀. Orí mi wú.

"Ká dán an wò kí wọ́n tó dé," Jẹ́jẹ́ ní. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ láti ọjọ́ abọ́ nìyẹn. A ti gbé kírísítà sínú àpótí gíláàsì, a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì ti fẹ́ tan iná báyìí nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Alága ló ṣíwájú, bàbá onírun funfun kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn méjì tẹ̀ lé wọn, wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Téèpù ló gbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò pè é. Ìyá mi wọ aṣọ tuntun tí bàbá mi rán, aláwọ̀ aró, ó bá wọn lára mu rẹ́gí. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kí wọ́n tó sọ ọ́.

"Alága, ohun tí mo fi tó yín létí kì í ṣe òtútù. Àṣìṣe ni. Kírísítà wa ló ń bà jẹ́, a ò sì mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣe kírísítà fún wa ló rí i."

Téèpù wúkọ́.

"Màmá, ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́ báyìí?" Alága ní.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ jókòó. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò yìí, èmi náà ò tíì rí i rí."

Ẹnu ya èmi gan-an. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú ohùn wọn, kò sí ojo. Mo fẹ́ràn wọn nígbà yẹn débi pé ó ń dùn mí láyà.

A fa kọ́tìnnì, a paná yàrá. Jẹ́jẹ́ ka àwọ̀ kírísítà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì tan lésà. Àwọ̀ ewé kékeré kan yọ nínú àpótí, kò tiẹ̀ tó iná ara fóònù. Gbogbo wa ń fojú wá a. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn àlejò ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Alága dìde, wọ́n súnmọ́ tábìlì.

"Kí là ń wò gan-an? Èmi ò rí nǹkan kan. Ẹ fi kún iná yìí díẹ̀ kójú wa tó o."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti na ọwọ́ sí ibi tí a fi ń yí lésà sókè.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Èmi ni. Kò sẹ́lòmíì. Ohùn tí mo fi ń lé àwọn àbúrò mi nínú ẹrù mi ni mo fi pariwo mọ́ ẹni tó tó bàbá mi. Àwọn méjì tí kì í sọ̀rọ̀ fò sókè lórí àga. Ọwọ́ Alága dúró sójú afẹ́fẹ́.

"Ẹ má bínú, sà," ìyá mi ní. "Ohùn rẹ̀ ló le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Tẹ́ ẹ bá fi kún un, ẹ máa rí i kedere, á sì gbóná."

Alága fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n tì í bọ àpò, wọn ò sì yọ ọ́ mọ́. A ń wo ẹ̀rọ. Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń kà á, ó tún ń kà á.

"Ó ti sún," ó ní.

"Ó tó mélòó?" ìyá mi bi í.

"Dígírì kan. Ó lé díẹ̀."

Téèpù bú sẹ́rìn-ín. "Dígírì kan! Tí mo bá fẹnu fẹ́ tíì mi, á ju bẹ́ẹ̀ lọ o!"

Ìyá mi ní kí Jẹ́jẹ́ paná lésà. Wọ́n ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ pé kírísítà máa sinmi báyìí, pé bí àwọ̀ bá padà, òtútù ni, bí kò bá padà, àwọn fúnra wọn máa fa kọ́kọ́rọ́ lé Téèpù lọ́wọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Téèpù. Òun náà súnmọ́ iwájú.

Alága ò fẹ́ kí àkókò ìsinmi náà lọ lásán. "Bó bá padà, yàrá yìí dúró, mo ti sọ ọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń lọ, Màmá. Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

"Ọmọ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, sà, ẹnu mi ò sí níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n."

Ìyá mi mú báàgì wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde. "Màmá, kò tíì padà o!" mo ní, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti pa dé. Inú bí mi. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi dúró de ìṣẹ́jú yìí, kí wọ́n wá jáde nítorí ọ̀rọ̀ oyè?

Alága yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo ti pẹ́ níbí jù. Kí lo rí sí i?"

Jẹ́jẹ́ nu awò ojú rẹ̀ kó tó dáhùn. "Èmi ni mo ka ogún dígírì tó jẹ́ àṣìṣe yẹn, sà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló kí mi kú iṣẹ́. Ata nìkan ló tú abọ́ wò. Ó bí mi nínú débi pé mi ò lè bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ń wọn nǹkan, òun ni mo fẹ́ kó dúró tì mí. Òun ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀."

Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé sójú mi, mo dúpẹ́ pé yàrá ṣókùnkùn.

"Ó pariwo mọ́ mi," Alága ní.

"Ó ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, sà."

Alága rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, sà," mo ní. Mi ò sọ pé màá gbìyànjú, torí mo mọ̀ pé mo lè ṣe é. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kírísítà ná."

Jẹ́jẹ́ tan iná fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan, ó pa á. Gbogbo wa tẹ̀ síwájú, àti Alága, àti àwọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ìlà méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Ìlà kan ṣoṣo ni mo rí. Èkejì ti gùn ún láìyẹ̀.

"Ó padà!" Jẹ́jẹ́ ló pariwo, Jẹ́jẹ́ gangan! Mo dì mọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìgbà tí mo sì wojú rẹ̀, Téèpù ni. Mo tì í sẹ́yìn. Alága ń sọ nǹkan nípa yàrá àti nípa ìgbà tí màá bẹ̀rẹ̀, ààbọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

"Màmá! Wọ́n ti gbà! Yàrá dúró, wọ́n ní èmi ni kí n…"

"Mi ò bi ẹ́ nípa yàrá."

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ṣí síìpù báàgì, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, wọn ò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ọ̀rọ̀ oyè kọ́ ló lé wọn jáde. Wọn ò lè dúró wò ó ni. Obìnrin tó dúró níwájú ìgbìmọ̀, tó ní òun ṣàṣìṣe, tí ohùn rẹ̀ ò yẹ̀, ẹ̀rù bà á débi pé ó sá fún kírísítà.

"Ṣé ó padà?" wọ́n ní.

"Ó padà, Ma."

"Síbi tó wà tẹ́lẹ̀?"

"Síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Jẹ́jẹ́ ló kà á, èmi náà sì fojú mi rí i."

Wọ́n mi kanlẹ̀. Wọ́n fi apá aṣọ tuntun yẹn bo ojú, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo jókòó tì wọ́n, mo fọwọ́ gbá wọn mọ́ra. Téèpù jáde, ó dúró, ó fẹ́ béèrè ohun tó dé tí ìyá mi ń sunkún. Mo wò ó, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

"Ó tutù," ìyá mi ń sọ sínú aṣọ. "Ó tutù, àbí?"

"Ó tutù, Ma," mo ní. "Ó tutù."